Oṣù Ògún ń bọ̀: báwo ni òjò ṣe máa ń ṣe lágbègbè yín?

Ọmọ Ọjà'ba (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Ìlú Ọba ni mo wà, àmọ́ ẹbí mi wà ní Ìbàdàn. A fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kẹwàá bàbá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti fẹnu kò pé oṣù Ògún ló dáa jù, torí òjò máa ń sinmi nígbà náà, àwọn ọmọ á sì ti gba họlidé. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n fọkàn sí. Mo tún ní ilé kan tí mo ń kọ́ sí ọ̀nà Àkóbọ̀, bíríkìlà ní òun fẹ́ rẹ́ ògiri rẹ̀ nínú oṣù yẹn kan náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ohun tí mo rántí nípa oṣù Ògún ò ju òtútù àárọ̀ àti àgbàdo sísun lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú sọ bó ṣe máa ń rí níbi tó wà, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe sí i. Ẹ ṣé gan-an.

Olùkọ́ Jógíráfì, Èkó

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, àbúrò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ pé òjò ń sinmi, àmọ́ àwọn èèyàn gbára lé e ju bó ti yẹ lọ.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń fẹ́ wọ ilẹ̀ wa lọ́dọọdún: èyí tó tutù tó ń bọ̀ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, àti èyí tó gbẹ tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Nínú oṣù Sẹ́rẹ́, ó máa ń sún mọ́ etíkun, ìgbà yẹn la máa ń rí ọyẹ́. Bí ọdún ṣe ń lọ ni afẹ́fẹ́ òkun ń tì í sókè, tó bá fi máa di oṣù Ògún, ó ti wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀ lọ́hùn-ún. Òjò ńlá kì í sì í rọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé gan-an. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tó jìnnà sí i díẹ̀, ló ti máa ń rọ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé inú oṣù Ògún tí tiwa ń dín kù ní Èkó yìí ni òjò pọ̀ jù ní Kánò.

Ohun kan tún kún un. Láti oṣù Agẹmọ dé oṣù Owéwe, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Bí ojú òkun bá tutù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kì í lágbára láti gbéra sókè di òjò ńlá. Ìkùukùu á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ bo ojú ọ̀run, oòrùn ò ní yọ, òjò wínníwínní ni a ó máa rí. Òjò oṣù Ògún ní Èkó kì í sábà tó ìdajì ti oṣù Òkúdu, òun náà sì ni ọ̀sán máa ń tutù jù láàárín ọdún, nǹkan bí 28 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì.

Àmọ́ ìsinmi yìí ò ní ọjọ́ kan pàtó. Lọ́dún mìíràn, á ti bẹ̀rẹ̀ kí Agẹmọ tó parí. Lọ́dún mìíràn, a ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Tí oṣù Ògún bá ti ń lọ sópin, òjò ńlá á tún máa padà bọ̀, tòun ti ìjì àti àrá. Àjọ NiMet, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń sọ ìgbà tí wọ́n rò pé ìsinmi náà á bẹ̀rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó máa lò. Ẹ lọ wá ti ọdún yìí kà. Ní tèmi o, mi ò ní fi ìnáwó sí Sátidé tó gbẹ̀yìn.

Ìyá Ẹlẹ́yẹlẹ́

Olùkọ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 26 oṣù Ògún 2011. Àwẹ̀ ti ń parí lọ, ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká ṣọdún. Mo ń din àkàrà ìṣínu lọ́wọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo sọ fáwọn ọmọ pé òjò oṣù Ògún ni, kò ní pẹ́ dá. Kò dá. Ká tó ṣínu, omi ti bo àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ike omi aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá, ó léfòó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wá bá mi nídìí ààrò. A gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Nígbà tí tábìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bàbá wọn gbé wọn gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, òun àti èmi wá di kọ́bọ́ọ̀dù náà mú títí di ọ̀gànjọ́. Odò tí a máa ń fo kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń hó bí omi òkun lójú fèrèsé wa.

187.5 mìlímítà òjò láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlẹ́ kún bo ẹnu, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, Yunifásítì Ìbàdàn pàdánù ẹja tí wọ́n ń sìn àti ẹranko inú ọgbà wọn.

Àbúrò, ẹ wá wò ó. Omíyalé odò Ògùnpa tí àwọn òbí wa ń sọ dòní, 31 oṣù Ògún 1980 ni, ọjọ́ Àìkú. Omíyalé méjì tó burú jù tí Ìbàdàn mọ̀, ìparí oṣù tí wọ́n ní òjò ń sinmi yìí ni méjèèjì bọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ìsinmi tàn yín. Látìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Ògún ni mo fi ń ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ mi: a ó kó gọ́tà iwájú ilé, títí dé ibi tó ti bọ́ sínú odò, kì í ṣe iwájú ilé tiwa nìkan. Ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ike onídèérí lókè àjà. Bí òjò bá ti rọ̀ kọjá wákàtí kan láìdẹwọ́, mo ti ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè, bí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é. Ẹ má sì wọ omi tó bá ń ṣàn kọjá lójú títì, ì báà ṣe ọkọ̀ lẹ wà. Àwọn kan lára àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n rò pé àwọn á kọjá.

Ọmọ Ọjà'ba

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń kà á. Mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011 náà, ilé wa lórí òkè ni, ariwo nìkan la gbọ́.

Kánópì àti Àga, Ìwó Road

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Màmá, àmọ́ mo fẹ́ sọ pé ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé kánópì, ọ̀pọ̀ ìnáwó ìparí oṣù Ògún ni mo ti ṣe tí ẹ̀kán omi kan ò sì bọ́. Bí a bá ní ká sá fún gbogbo oṣù tí òjò lè rọ̀, oṣù Ọ̀pẹ nìkan la ó máa ṣe ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é dáadáa ni.

Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ kọ́ mi rèé. Kì í ṣe àárín kánópì ni òjò ti ń ba ayẹyẹ jẹ́, ibi tí méjì ti fara kan ara wọn ni. Ibẹ̀ ni omi ti ń dà sórí gèlè àwọn èèyàn. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá fún níṣẹ́ pé kó fi ọ̀rá gígùn so abẹ́ ibi tí méjì ti pàdé, kó dà bí ojú àgbàrá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà sẹ́yìn ìjókòó. Ìkejì, àpò iyanrìn ni kí wọ́n fi di ẹsẹ̀ kánópì, kì í ṣe okùn nìkan, torí ìjì máa ń ṣáájú òjò ńlá. Ìkẹta, ẹ lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀, ṣáájú ọjọ́ náà. Pápá ilé ìwé kan wà tó dára lójú ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ àga á bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Ìyá Ẹlẹ́yẹlẹ́

Ọmọ mi, o ò parọ́. Èmi ò ní kí wọ́n má ṣe ìnáwó. Kí wọ́n fà á ṣáájú ni mo ń sọ. Òjò tó bá èèyàn nínú ilé ìnáwó, gèlè ló ń bà jẹ́. Èyí tó bá àlejò lójú ọ̀nà nígbà tó ń padà sílé lálẹ́ lèmi ń bẹ̀rù.

Aládìrẹ, Ìtòkú

Abẹ́òkúta náà nìyí. Oṣù Ògún ò dára fún àwa aláró. Òjò lè má rọ̀ o, àmọ́ oòrùn ò sí. Aṣọ tí à ń sá lẹ́ẹ̀kan tó ń gbẹ kí wọ́n tó pe Súhúrì lóṣù Bélú, ọjọ́ méjì ló ń gbà nísinsìnyí. Bí a bá sì ká a nígbà tó ṣì lọ́rinrin, á bu, òórùn rẹ̀ ò ní tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé èmi kì í gba iṣẹ́ kíákíá lóṣù yìí. Mo máa ń sọ fún oníbàárà ní tààrà pé ọ̀sẹ̀ méjì. A máa ń sá a sábẹ́ páànù tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Àbúrò, tí ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ ṣe aṣọ ẹbí, inú oṣù Òkúdu ni kí ẹ ti san owó rẹ̀.

Ará Kétu

Mo kí gbogbo yín láti Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Kétu àti Pọbẹ̀, òjò méjì la ní lọ́dún, ńlá àti kékeré. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré tó wà láàárín wọn hàn lọ́dọ̀ wa ju ti Ìbàdàn lọ, ó sì lè gùn wọ inú oṣù Owéwe. A máa ń fi í kórè àgbàdo, a sì ń fi í ro ilẹ̀ de òjò kejì. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Sábẹ̀ lókè kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, òjò tiwọn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn ni. Ohun kan tí mo fẹ́ kìlọ̀ ni pé kí ẹ má gbin nǹkan sínú òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Ẹ dúró de ìkejì tàbí ìkẹta. Ó ti jẹ irúgbìn mi rí.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ará Kétu, ẹ ṣeun, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn lọ́dún tó kọjá.

Ní Òkè-Ògùn tiwa, òjò máa ń dẹwọ́ lóṣù Ògún, àmọ́ kì í dá tán. Bí ẹ bá sì ṣe ń kọjá Ṣakí lọ sókè ni ìsinmi náà ń parẹ́. Ìṣòro wa ni pé àgbàdo tí a gbìn lóṣù Igbe á ti gbó, á ti gbẹ díẹ̀ lórí igi, oòrùn tí a ó fi sá a kò sì sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pàdánù, a kì í sì í sọ ọ́ síta. Àgbàdo tó bá wọ àpò nígbà tó ṣì lọ́rinrin, á gbóná nínú, á bu, májèlé tó wà nínú ìbu yẹn ò ṣeé fi ojú rí, iná ààrò ò sì lè pa á. Adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ á máa kú díẹ̀díẹ̀, èèyàn tó bá ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ọ̀pọ̀ ń fi eyín bù ú wò, àmọ́ eyín máa ń tanni. Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ dáadáa. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan sínú rẹ̀, ẹ wá da àgbàdo lé e kó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà. Ẹ dé e, ẹ mì í kíkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn ò tíì gbẹ, omi inú rẹ̀ ṣì ju 15 nínú 100 lọ. Bí iyọ̀ bá bọ́ sílẹ̀ tí ara ìgò mọ́ gaara, ẹ lè máa kó o sápò. Ìyàwó mi ló ń ṣe é nílé wa, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ran àpò kan pa kí òun tó mi ìgò.

Ẹ má sá àgbàdo sórí ilẹ̀. Orí tapólì ni, tàbí orí pèpéle tí a fi igi kàn. Ẹni tó bá lówó rẹ̀, kó ra àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kòkòrò ò lè mí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ gbin àgbàdo àrọ̀kúrò, tiwa níbí kì í kọjá ìdajì oṣù Ògún. Àwọn ará Ọ̀ṣun àti Oǹdó ṣì lè gbìn ín dé ìbẹ̀rẹ̀ Owéwe. Ẹ wá irú tó ń tètè gbó, tó ń lo nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹ sì máa yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò láàárọ̀ kùtù, torí kòkòrò jẹwéjẹwé tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2016 fẹ́ràn ìgbà tí òjò bá dẹwọ́. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí èérún pákó nínú ọ̀mùnú, òun ló wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí oṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó gbìn ín, kó lè gbó sínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Oníkòkó, Oǹdó

Ẹ̀gbẹ́ àwa oníkòkó ò mọ ìsinmi kankan. Òtútù àti ìrì oṣù yìí ni kòkó fi ń dúdú tó ń jẹrà lórí igi. Ẹ fọ́n oògùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀. Ẹ ká èyí tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ sì gbé e jáde nínú oko. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi ti sin àrùn fún ọdún tó ń bọ̀.

Bíríkìlà Àgbà

Sí àbúrò wa ìlú Ọba. Ògiri inú ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ lóṣù Ògún, ó dára, torí sìmẹ́ǹtì tó bá rọra gbẹ kì í sán. Bí oòrùn ṣe ń mú un ní Ẹrẹ́nà, omi la máa ń wọ́n sí i tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ti ìta, kí wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ọ̀rá sì wà nítòsí láti bò ó. Àmọ́ kí wọ́n má kun ọ̀dà o! Ògiri tó lọ́rinrin nínú, ọ̀dà á wú lórí rẹ̀, á sì bó. Kí ọ̀dà dúró di oṣù Bélú. Ẹ sì ní kí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì sórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Mo ti rí ogójì àpò tó di òkúta nítorí pé wọ́n tò ó ti ògiri.

Ìyá Adìyẹ, Ìlọrin

Òròmọdìyẹ ń kú nínú ọ̀gìnnìtìn yìí. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lálẹ́, àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, pàápàá bí ẹ bá ń lo èédú, torí èéfín rẹ̀ ń pa wọ́n, ó sì ń pa èèyàn. Èérún igi tí ẹ tẹ́ sábẹ́ wọn tó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá Tọ̀míwá

Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ mi jẹ́ ọ̀kan. Òtútù oṣù Ògún ni ìrora egungun rẹ̀ máa ń dé jù. Súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ láti àárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ká fi wẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ ta sínú òjò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni omi mímu. Torí ooru ò mú, ọmọ ò ní béèrè omi, àìmu omi yẹn sì wà lára ohun tó ń fà á. Mo máa ń sàmì sí ìgò rẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ dé ibí kí ó tó jẹun ọ̀sán. Tí ibà tàbí ìrora tó lágbára bá dé, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Àbúrò, bí ẹ bá ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun, kí ẹ má rò pé Nàìjíríà gbóná.

Ará Ìṣẹrì

Ṣókí ni tèmi. Àwa tá a wà létí odò Ògùn, kì í ṣe òjò tó rọ̀ lórí wa là ń bẹ̀rù jù, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán lókè Abẹ́òkúta ni. Oòrùn lè máa ràn lọ́dọ̀ wa kí omi máa gun òkè bọ̀. Láti ìparí oṣù Ògún lọ, ẹ máa gbọ́ ìkéde rédíò, kí ẹ sì ri igi kan mọ́lẹ̀ létí omi, kí ẹ sàmì sí i. Bí omi bá fi ìka mẹ́rin ga sí i láàárín òru kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

Ọmọ Ọjà'ba

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo pe ẹbí lórí fóònù lánàá, mo sì ka ọ̀rọ̀ Màmá Ẹlẹ́yẹlẹ́ sí wọn létí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó takú tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ká yí ọjọ́ náà padà. Sátidé kejì nínú oṣù la fi sí báyìí. Mo ti sọ fún bíríkìlà pé kí ọ̀dà dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní àrùn tí Màmá Tọ̀míwá sọ, súwẹ́tà méjì ti wọ inú báàgì mi. Ìbéèrè kan ló kù: aago mélòó ni ká bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Jógíráfì, Èkó

Inú mi dùn. Òjò wínníwínní ìgbà yẹn, òwúrọ̀ ló sábà máa ń wọ́n. Ẹ fi sí aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè rí ọ̀nà padà.

Kánópì àti Àga, Ìwó Road

Ọ̀sán Jímọ̀ ni kí wọ́n ti kan kánópì, kí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ má mu omi òru. Kí wọ́n sì to àga lé ara wọn di àárọ̀, kí wọ́n dojú wọn délẹ̀.